Kẹ́ ẹ tó tẹ ‘Accept’, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan báyìí, nǹkan bíi aago mẹ́wàá, ni fóònù mi dún. Bọ̀ọ̀dá mi ni. Ẹni tí kì í pè mí lálẹ́ àfi tí ẹnì kan bá kú nínú ẹbí. Àyà mi já. “Wọ́n ti mú ọmọ wa wọ yunifásítì o!” lohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀. Mo pariwo ayọ̀, mo fẹ́ẹ̀ jó. Mi ò tíì parí ariwo tó fi ní, “Ibi méjì ni wọ́n ti fẹ́ ẹ. Ìwọ lo kàwé òfin nínú ilé yìí, èwo ká mú?”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé “ibi méjì” yẹn, torí ẹni tó bá mọ bí JAMB ṣe ń ṣe nǹkan nísinsìnyí á ti máa mirí. Látìgbà tí wọ́n ti gbé ètò CAPS dé lọ́dún 2017, kò sí pé ẹnì kan ń di àyè mẹ́ta mú nílé-ìwé mẹ́ta bíi tàwọn ẹ̀gbọ́n wa láyé àtijọ́. Ilé-ìwé á dá orúkọ ẹ, JAMB á fọwọ́ sí i, ìwọ náà á wá wọlé lọ tẹ̀ ẹ́ pé o gbà tàbí o ò gbà. Tó o bá ti gbà báyìí, ilé-ìwé mìíràn ò tún ní rí ẹ mú mọ́ lọ́dún yẹn.

Ọmọ bọ̀ọ̀dá mi yìí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, fi Òfin ṣe àkọ́kọ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan. Máàkì ẹ̀ ò burú, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí wọ́n gé e sí fún Òfin. Ilé-ìwé yẹn wá ní tó bá fara mọ́ ọn, àwọn lè sún un lọ sí Fìlọ́sọ́fì. Ìyẹn wà lórí CAPS, ó ń dúró de ìdáhùn ẹ̀. Ibi kejì ni yunifásítì aládàáni kan tí ìyá ẹ̀ ti dọ́gbọ́n ra fọ́ọ̀mù ẹ̀ sílẹ̀ pé bó bá di dandan. Àwọn yẹn ti fọ̀rọ̀ wá ọmọ náà lẹ́nu wò, wọ́n sì ní Òfin gan-an làwọn máa fún un. Kó ṣáà lọ yí orúkọ ilé-ìwé padà lọ́dọ̀ JAMB, kó sì san owó ìtẹ́wọ́gbà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Bọ̀ọ̀dá mi ti mú tiẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí n bá òun sọ “àmín” sí i ni. Owó ilé-ìwé aládàáni ọ̀hún jẹ́ 2,300,000 náírà lọ́dún, Òfin sì jẹ́ kọ́ọ̀sì ọdún márùn-ún. Ẹ bá mi ṣe é: 11,500,000 náírà, ìyẹn tí wọn ò bá fi kọ́bọ̀ kan lé e láàárín ọdún márùn-ún yẹn. Ta ló ti rí irú ẹ̀ rí ní Nàìjíríà yìí? Ilẹ̀ kan wà tí wọ́n rà sí Ìkòròdú nígbà tí Ìkòròdú ṣì jìnnà. Ilẹ̀ yẹn ló fẹ́ tà. Ó ti rí oníbàárà gan-an.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta.”

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn lọ́sẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé òun náà ló ń ṣẹlẹ̀ nílé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà mí yìí. Láti ọjọ́ tí èsì JAMB ti jáde la ti ń gbàdúrà pé kí wọ́n ṣáà mú ọmọ. Gbogbo ọgbọ́n tá a ní, ibi pé kó wọlé la ná an sí. Ọjọ́ tí wọ́n wá mú un, ayọ̀ á pa ọgbọ́n yòókù. Ilé-ìwé á ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwa náà á máa sáré bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀ ní gáréèjì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ṣe pàtàkì ju oṣù mẹ́fà tá a fi lọ lẹ́sìnnì lọ.

Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ torí ó ti ṣe mí rí. Èmi náà gba lẹ́tà ìgbàwọlé méjì láyé ìgbà tí ìyẹn ṣì ṣeé ṣe. Ọ̀kan wá láti ilé-ìwé tí orúkọ ẹ̀ ń dún bí agogo, ìkejì láti yunifásítì ìpínlẹ̀ kan tí bàbá mi máa ń pè ní “ibi yẹn”. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọ́n ti rán aṣọ kó tó di pé mo délé. Ọ̀rẹ́ mi, tí máàkì ẹ̀ kéré sí tèmi, lọ sí “ibi yẹn”.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nìyí. Gbogbo ẹ̀ka òfin tó bá fẹ́ kí ọmọ òun di lọ́yà, Council of Legal Education ló ń fún un ní iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè rán lọ sí Law School lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ní àádọ́jọ, àádọ́jọ ni. Ilé-ìwé tèmi ti kó èèyàn wọlé kọjá iye tí wọ́n fún un. Nígbà tá a ṣe tán, a pọ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Wọ́n tò wá sórí ìlà, àwọn tó jáde ṣáájú wa náà ṣì wà lórí ìlà ọ̀hún. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó sílé bàbá mi pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, tí mò ń bá wọn lọ sọ́jà. Ọ̀rẹ́ mi tó lọ sí “ibi yẹn” ti wọ aṣọ dúdú, ó ti dé wíìgì funfun, ó ti yà fọ́tò. Èmi ni mo bá a mú báàgì dání lọ́jọ́ yẹn ní Àbújá. Inú mi dùn sí i o. Àmọ́ mo sunkún nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí mo gbà ni pé mo wádìí ilé-ìwé aládàáni yẹn. Mi ò wo gèètì ẹ̀, mi ò wo fídíò tí wọ́n gbé sórí Instagram níbi tí àwọn ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Ìbéèrè kan ni mo bi wọ́n lórí fóònù: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Council of Legal Education ti fọwọ́ sí ẹ̀ka òfin yín?” Ọmọbìnrin tó gbé ìpè fi ohùn dídùn dá mi lóhùn: “A ní ìfọwọ́sí NUC, mà.” Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo béèrè. Ó ní kí n dúró. Mo dúró. Ọkùnrin kan gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní ètò ti ń lọ lórí tiyẹn, ó máa bọ́ sí i kí àwọn ọmọ tó dé ìpele kẹta.

Ẹ kíyè sí i dáadáa, torí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Àjọ méjì ni. NUC ló ń fọwọ́ sí i pé yunifásítì lè kọ́ èèyàn ní kọ́ọ̀sì kan, kó sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí Òfin nìkan ò sọni di lọ́yà. Ó di dandan kó o lọ sí Law School, kó o yege níbẹ̀, kí wọ́n tó pè ẹ́. Council ló sì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn Law School. Tí Council ò bá mọ ẹ̀ka òfin ilé-ìwé ẹ, o lè gba ìwé ẹ̀rí tó dára jù lọ, ẹnu ọ̀nà lo máa dúró sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ka Òfin ní NOUN. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ilé-ìwé yẹn o! Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ṣe tán níbẹ̀ fi wà níta, torí Council ò gbà pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ láti ilé bá òfin òun mu. Ó di 2018 kí wọ́n tó tún òfin tó dá NOUN sílẹ̀ ṣe. Àgbà èèyàn ló pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì.

Kì í ṣe Òfin nìkan náà nirú ẹ̀ wà. Ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìpoògùn, ẹnjiníà, gbogbo wọn ló ní àjọ tiwọn tó máa ń yẹ ilé-ìwé wò, yàtọ̀ sí NUC. Kó o tó san kọ́bọ̀, wá orúkọ ilé-ìwé yẹn lórí ìkànnì àjọ náà fúnra ẹ. “Ètò ti ń lọ” kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ní kóòtù, ẹni tó bá ní ètò ti ń lọ lórí ìwé ilẹ̀ òun, a mọ ohun tí adájọ́ máa ń sọ fún un.

Mo pe bọ̀ọ̀dá mi, mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Àmọ́ wọ́n ní ó máa bọ́ sí i.” Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, tẹ́ ẹ bá ta ilẹ̀ yẹn tí kò wá bọ́ sí i ńkọ́?” Wọ́n bínú, wọ́n ní mo fẹ́ kí ọmọ wọn lọ ka Fìlọ́sọ́fì, kí wọ́n máa fi ṣe kí ni? Wọ́n pa fóònù.

Kí àwọn tó ní yunifásítì aládàáni má bàa rò pé mò ń bá wọn jà, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tó wà níbẹ̀. Látìgbà tí ìjọba ti fún àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ níwèé àṣẹ lọ́dún 1999, ìdí kan gbòógì tí òbí fi ń sá tọ̀ wọ́n ni pé kì í sí ìyanṣẹ́lódì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Lọ́dún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni ASUU fi ti yunifásítì ìjọba pa. Oṣù mẹ́jọ! Àwọn ọmọ kan ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ tán kí wọ́n tó pè wọ́n padà. Ti 2020 náà ń bẹ níbẹ̀, láti oṣù Kẹta títí dé oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá lówó, tí kò sì fẹ́ kí ọmọ òun fi ọdún méje ka ohun ọdún márùn-ún, mi ò ní bá a wí. Mo mọ àwọn lọ́yà tó jáde níbẹ̀, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ mi ò ju pé kó lówó ọ̀hún lóòótọ́ lọ, kí ilé-ìwé yẹn sì ní gbogbo ìwé tó yẹ kó ní.

Torí ọmọ tó bá dúró ní ìpele kẹta nítorí owó tán, ó burú ju ẹni tí kò wọlé rárá lọ. Ẹni tí kò wọlé lè tún JAMB ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ gbèsè ní ìpele kẹta, tí wọn ò jẹ́ kó ṣe ìdánwò, kì í rọrùn fún un láti gbé máàkì ẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Mo ti rí i lójú ara mi, mi ò ní sọ ti ta ni. Nítorí náà, owó ọdún àkọ́kọ́ kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò, ti ọdún tó kẹ́yìn ni. Ilé-ìwé ìjọba náà kì í dúró sójú kan. Ẹ rántí bí owó UNILAG ṣe fò sókè lọ́dún 2023, láti nǹkan bíi 19,000 náírà dé ohun tó lé ní 100,000 fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ́de ṣẹlẹ̀, wọ́n dín in kù díẹ̀. Kò padà sí 19,000 mọ́ láé. Ẹ fi ilé tí ẹ máa gbà níta sí i, torí hóstẹ́ẹ̀lì ò kárí. Ẹ fi owó ajẹ́ńtì sí i, ẹ fi owó ọkọ̀ sí i. Fún ẹni tó fẹ́ di lọ́yà, ẹ má gbàgbé pé Law School ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, kì í sì í ṣe owó kékeré.

Ibì kan wà tó jẹ́ pé ìjọba ṣe dáadáa díẹ̀, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ òbí ò tíì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ló dá NELFUND tá a mọ̀ lónìí sílẹ̀. Kò sí èlé lórí ẹ̀, wọn ò sì béèrè oníduúró. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà, wọ́n sì lè máa san 20,000 náírà lóṣù fún akẹ́kọ̀ọ́ fúnra ẹ̀ fún ìtọ́jú. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tó o bá ti sin ilẹ̀ bàbá ẹ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹ ni wọ́n sì máa ń yọ. Owó yìí ò lè kọ́lé, mo mọ̀. 20,000 lóṣù nínú ọjà tá a wà yìí, ẹ̀wà àti gààrí ni. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún. Lọ́jọ́ tó o bá tẹ̀ ẹ́ pé o gba ti aládàáni, o ti ti ilẹ̀kùn yẹn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn sínú ìṣirò nílé bọ̀ọ̀dá mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ó wá ku Fìlọ́sọ́fì. Aládùúgbò wọn kan ti gba ìyá ọmọ nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kó gbà á, tó bá dé ìpele kejì “wọ́n á sọdá sí Òfin”. Ìyàwó wa yìí, tó máa ń pè mí ní Eyínfúnjowó, tún mi pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. “Eyínfúnjowó, ẹ má bínú sí bọ̀ọ̀dá yín. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè sọdá?” Mo ní ó ṣẹlẹ̀ rí, bí èèyàn ṣe máa ń jẹ tẹ́tẹ́ náà nìyẹn. Àwọn tó ń wá àyè yẹn pọ̀ bí eṣú, àyè ò sì ju díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gba kọ́ọ̀sì kan nítorí pé ó fẹ́ sá kúrò níbẹ̀, ọdún kan ló máa fi kórìíra ohun tó ń kà, máàkì ẹ̀ á sì fi hàn. Tí kò bá wá rí ibi sọdá sí, ọdún mẹ́ta ló kù tó máa fi bínú. Ẹ gba Fìlọ́sọ́fì tẹ́ ẹ bá lè fara mọ́ ọn pé Fìlọ́sọ́fì náà ló máa jẹ́ títí dópin. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní ẹ ò gbà, kẹ́ ẹ padà sínú ìwé JAMB. Ọdún kan kì í ṣe nǹkan lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú òun fúnra ẹ̀, bí ẹ̀wọ̀n ló máa rí.

Nígbà tá a sọ̀rọ̀ débẹ̀ ni mo rántí pé láti ọjọ́ Ẹtì, ọmọ yẹn fúnra ẹ̀ ò tíì sọ nǹkan kan. Mo ní kí ìyàwó wa gbé fóònù fún un, kó sì jáde nínú yàrá.

“Àǹtí, ẹ kú àárọ̀ mà.”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ ka Òfin. Ó ní bí dádì òun ṣe máa ń sọ ọ́ ni, láti kékeré ni wọ́n ti ń pe òun ní lọ́yà. Mo bi í pé kí ló mọ̀ nípa Fìlọ́sọ́fì. Ó ní òun ti ń wò ó lórí YouTube láti ọjọ́ tí àwọn ti fún òun, òun wo ọ̀kan lórí bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun mọ nǹkan, òun sì tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn ẹ̀ yí padà díẹ̀ níbẹ̀. Ó wá dákẹ́, ó ní: “Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka Òfin, ṣé Òfin lẹ ń ṣe?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ìgbà tí mo lọ sí kóòtù kẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò, ọmọ yìí ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé kíkọ ló ń bọ́ mi, irú èyí tẹ́ ẹ ń kà yìí, àti bíbá àwọn èèyàn ka ìwé àdéhùn kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Ṣé mo kábàámọ̀ Òfin? Rárá. Òun ló kọ́ mi láti béèrè pé “ta ló fọwọ́ sí i, níbo ló wà?” Àmọ́ mi ò lè fi ojú kan ṣoṣo wo ọmọ yẹn kí n sọ fún un pé ẹni tí kò bá ka Òfin ti sọnù, nígbà tó jẹ́ pé èmi tí mo kà á ò sí níbẹ̀.

Mo sọ fún un pé tó bá jáde nínú Fìlọ́sọ́fì tó ṣì fẹ́ Òfin, ó lè fi ìwé ẹ̀rí yẹn wọlé sí ìpele kejì, kó fi ọdún mẹ́rin kà á. Àwọn agbẹjọ́rò tó gba ọ̀nà yẹn ò kéré. Mo tún sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gba ohunkóhun nítorí èmi, kò sì gbọ́dọ̀ kọ ohunkóhun nítorí ilẹ̀. Mo ní kó lọ bá àwọn tó wà ní ẹ̀ka Fìlọ́sọ́fì ilé-ìwé yẹn sọ̀rọ̀, àwọn ìpele kẹta gan-an, kó bi wọ́n pé ṣé àwọn olùkọ́ máa ń wá sí kíláàsì, ṣé èsì máa ń jáde lásìkò, kí ni àwọn tó ti jáde ń ṣe. Ó ní òun ti wà nínú Wasapu wọn láti ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí!

Àwọn kan á ní orúkọ ilé-ìwé ń ṣílẹ̀kùn. Mo gbà, dé àyè kan. Mo ti rí ibi tí ọ̀gá kan ti rí orúkọ ilé-ìwé tó lọ lórí ìwé ẹnì kan, tí ojú ẹ̀ tàn. Ṣùgbọ́n mo tún ti rí ibi tí wọ́n ti da ìwé àwọn tí kò ní èsì kejì òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìwo orúkọ ilé-ìwé rárá. Orúkọ tí bàbá mi fẹ́ràn yẹn, òun ni mo gbé lọ sórí ìlà ọdún méjì.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ kékeré kan wọlé sórí Wasapu mi: “Àǹtí, mo ti tẹ̀ ẹ́. Mo gba Fìlọ́sọ́fì.” Ó fi àwòrán ojú fóònù ẹ̀ tì í. Mo bi í pé kí ni dádì ẹ̀ sọ. Ó ní wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn bọ́ síta. Bọ̀ọ̀dá mi ò pè mí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàwó wa ló sọ fún mi pé wọ́n lọ sí Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé ọ̀dà pupa dání, wọ́n sì tún un kọ gàdàgbà sára fẹ́ǹsì pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà.